Ọ̀jọ̀gbọ́n Carver: Olùkọ́ tó Kó Ilé Ìwé Rẹ̀ Lọ Sínú Igbó

Ní oṣù Fẹ́búárì, tí àwọn ilé ìwé Amẹ́ríkà fi ń ṣe ìrántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ wa a máa mú àwòrán bàbá àgbàlagbà kan bọ̀ wálé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú kóòtù gbígbó, tí ó fi òdòdó há ọrùn kóòtù náà. Bí a bá bi wọ́n pé ta nìyí, wọn a ní George Washington Carver ni, òun ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Èsì yìí ni a fẹ́ tún ṣe. Carver kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ọkùnrin ará Kánádà kan ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀pà lílọ̀ ní 1884, nígbà tí Carver ṣì ń wá ilé ìwé gíga tí yóò gbà á. Àwọn ìyá wa nílé náà kò sì dúró de ẹnì kankan kí wọ́n tó gbé ẹ̀pà yíyan sórí ọlọ.

Ohun tó ń dùn wá nínú àṣìṣe yìí ni pé ó bo iṣẹ́ tí ọkùnrin náà fi ọdún 46 ṣe mọ́lẹ̀. Olùkọ́ ni. Ó kọ́ ọmọ ilé ìwé, ó kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn, ó kọ́ àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé, ohun kan náà ló sì ń kọ́ gbogbo wọn: kí wọ́n fi ojú ara wọn wo nǹkan, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn án, kí wọ́n tó gba ohun tí ẹlòmíràn wí nípa rẹ̀.

Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, nítòsí ìlú Diamond ní Ìpínlẹ̀ Missouri, ní nǹkan bí ọdún 1864. A ní nǹkan bí, nítorí ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ ẹrú sílẹ̀? Mary ni orúkọ ìyá rẹ̀. Moses Carver àti Susan ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ni Mary. Bàbá ọmọ náà ti kú kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jà lọ́wọ́, àwọn ajínigbé sì ń dààmú ìlú káàkiri ibodè Missouri. Wọ́n gbé Mary àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Moses rán ènìyàn tẹ̀ lé wọn, ọmọ nìkan ni ẹni náà rí mú bọ̀, ẹṣin kan sì ni Moses fi san owó iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó tún fojú kan Mary mọ́.

Ọmọ aláìlera ni George. Kò lè ṣe iṣẹ́ oko tó le bíi ti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ Susan ló wà nínú ilé, tó ń kọ́ oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti aṣọ rírán, tó sì ń tọ́jú ọgbà. Bí iṣẹ́ bá tán, inú igbó ló ń gbà lọ. Ó ní ọgbà kékeré kan níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Bí ewéko kan bá ń ṣàìsàn, yóò hú u, yóò gbìn ín sí ibòmíràn, yóò máa wò ó bóyá òòrùn ló pọ̀ jù fún un tàbí omi ni kò tó. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi ń gbé òdòdó tó ń rọ tọ̀ ọ́ wá. Dókítà ewéko ni wọ́n sọ ọ́, ọmọdé tí kò tíì wọ ilé ìwé rí.

Ilé ìwé tó wà nítòsí kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ní nǹkan bí 1877 ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Neosho, níbi tí wọ́n ti dá ilé ìwé kan sílẹ̀ fún irú wọn, ó sì wọ̀ sí ọ̀dọ̀ Andrew àti Mariah Watkins. Agbẹ̀bí àti alágbàfọ̀ ni Mariah, ó sì mọ ewé àti egbò. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ pé kí ó yé pe ara rẹ̀ ní George ti Carver, bí ẹni pé ẹrù ẹlòmíràn ni. George Carver ni kí ó máa jẹ́. Ó sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá kàwé tán, kí ó padà wá fi ohun tó kọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà mọ bí ó ti wúwo tó lórí ọmọ.

Ọ̀nà náà jìn. Ó ṣí láti ìlú kan dé òmíràn ní Kansas, aṣọ ló ń fọ̀ tó fi ń jẹun. Ní Fort Scott ní 1879, ojú rẹ̀ ló ṣe tí àwọn èrò fi wọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan jáde nínú túbú, tí wọ́n pa á, tí wọ́n sì dáná sun ún. Ó sá kúrò nílùú náà. Ní 1885 ó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Highland, wọ́n fún un láyè. Ìgbà tó débẹ̀ tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sọ pé àwọn kì í gba irú rẹ̀. Ọdún márùn-ún kọjá kí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Simpson ní Iowa tó gbà á ní 1890. Àwòrán yíyà ló lọ kọ́ níbẹ̀. Etta Budd, obìnrin tó ń kọ́ ọ, rí i pé òdòdó àti ewé ló ń yà ní gbogbo ìgbà, ó sì rọ̀ ọ́ kí ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Ames, níbi tí bàbá Etta ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Carver ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kàwé níbẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ jẹ́ kí ó bá àwọn yòókù jẹun. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bá jẹun ní ìsàlẹ̀ ilé. Ó gba oyè kìíní ní 1894, ó gba èkejì ní 1896, ó sì ti di olùkọ́ níbẹ̀ kí ó tó gba èkejì.

Ohun kan wà ní Ames tí a kò fẹ́ fò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀, Henry C. Wallace, ní ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bí ọdún mẹ́fà lọ. Bí Carver bá ń lọ sínú igbó lọ ṣa ewéko, ó máa ń mú ọmọ yìí dání. Ó ń fi ẹ̀yà ara òdòdó hàn án, èyí tí í ṣe akọ àti èyí tí í ṣe abo, ó ń fi ìyàtọ̀ koríko kan sí òmíràn yé e. Ọmọ òyìnbó, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú, tí ọdún 30 kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọjá lórí òpin òwò ẹrú nílẹ̀ náà. Ọmọ yìí dàgbà, ó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ àgbàdo, ó dá ilé iṣẹ́ irúgbìn àgbàdo sílẹ̀ ní 1926, ó di mínísítà ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ní 1933, ó sì di igbákejì Ààrẹ láti 1941 sí 1945. Henry A. Wallace ni orúkọ rẹ̀. Títí ó fi dàgbà ni ó ń sọ pé Carver ló la òun lójú sí ayé ewéko. Ẹ wo iye tí ìrìn inú igbó náà ná ẹnikẹ́ni.

Ní 1896 Booker T. Washington kọ̀wé pè é wá sí Tuskegee ní Alabama, ilé ẹ̀kọ́ tí aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ames ìbá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó lọ sí Tuskegee. Ó débẹ̀ ní oṣù October, kò bá yàrá ìwádìí kankan, kò sì sí owó tí wọn yóò fi ra ohun èlò. Carver kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde, wọ́n lọ tú àkìtàn. Ìgò tó ti fọ́, wọ́n gé ọrùn rẹ̀, ó di ìfe ìwádìí. Ìgò yíǹkì tí wọ́n ki òwú bọ̀ di fìtílà tí wọ́n fi ń gbé nǹkan gbóná. Kọ́ọ̀bù ilé ìdáná kan tó nípọn di odó. Agolo tí wọ́n dá lu ní ìdí di asẹ́ tí wọ́n fi ń jọ yẹ̀pẹ̀. Àwa tí a lo agolo mílíìkì ṣe mọ́tò nígbà èwe wa kò gbọdọ̀ rò pé eré lásán ni èyí. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ náà gbà nìyẹn, pé kò sí ohun tí ẹni tó ń ronú kò lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, àti pé àìní ohun èlò kì í ṣe ìdí tí èèyàn kò fi ní bẹ̀rẹ̀.

Bí ó ti ń kọ́ ni náà ló yàtọ̀. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà nínú igbó pẹ̀lú àpò tó ń kó ewé sí. Bí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀, ohun tó rí láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ń gbé kalẹ̀: ewé kan, olú kan, òkúta kan, kòkòrò kan. Ó ń bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí, kì í tètè sọ èsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń mú tiwọn wá kí ó lè sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Tuskegee pé àwọn kan fẹ́ dán an wò lọ́jọ́ kan: wọ́n mú orí kòkòrò kan, wọ́n fi àtẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òmíràn, wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta sí i, wọ́n wá béèrè irú kòkòrò tí èyí jẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sì sọ fún wọn pé irú tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tàn ni. Ẹ̀rín gba inú kíláàsì.

Kò fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sí Tuskegee nìkan. Láti 1898 ni ilé ìwádìí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde, 44 ni gbogbo rẹ̀, tí wọ́n kọ ní ọ̀rọ̀ tí kò le. Ti àkọ́kọ́ dá lórí bí a ṣe lè fi èso igi oákù bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, nítorí èso náà kún inú igbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1910 ó tẹ ọ̀kan jáde fún àwọn olùkọ́ ilé ìwé abúlé, lórí bí wọn yóò ṣe kọ́ ọmọ nípa ìṣẹ̀dá àti bí wọn yóò ṣe dá ọgbà sílé ìwé. Ẹ rántí irú ilé ìwé tí à ń sọ: ahéré onípákó, bóyá olùkọ́ kan ṣoṣo, ìwé kò tó, àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń fi ilé ìwé sílẹ̀ bí àkókò òwú bá tó. Carver sọ fún olùkọ́ bẹ́ẹ̀ pé ìwé tó dára jù wà lẹ́yìn ilé, pé ilẹ̀ ni, àti pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó sún mọ́ ọmọ jù.

Kí ló wá wà nínú ilẹ̀ náà? Àárẹ̀ ni. Òwú ni wọ́n ti ń gbìn sórí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti dá sílẹ̀ kúrò nínú ẹrú ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń bá a pín irè, gbèsè sì ń kó gbèsè jọ lọ́rùn wọn. Òwú nìkan ni onílẹ̀ àti ẹni tó ń yá wọn lówó ń fẹ́. Carver ní kí wọ́n pín oko, kí wọ́n gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ànàmọ́ sí apá kan, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ajílẹ̀ tí wọn kò lágbára láti rà, ó ní kí wọ́n lọ gbá ewé jíjẹrà nínú igbó, kí wọ́n wa ẹrẹ̀ dúdú àbàtà, kí wọ́n kó o jọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí kàn wá tààrà, nítorí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà. Ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀wà olójú dúdú tí ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹ fi ń ṣe mọ́ín-mọ́ín àti àkàrà, òun gan-an ni Carver kọ ìwé pẹlẹbẹ lé lórí, bí a ṣe ń gbìn ín àti bí a ṣe ń sè é. Ìdí tó fi ń tún ilẹ̀ ṣe ni pé àwọn bakitéríà kan ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, bí ẹ̀wà bá sì jẹrà sínú oko, oúnjẹ náà di ti ilẹ̀. Òwú kò lè ṣe é. Ọmọ ọdún méje lè rí èyí fúnra rẹ̀. Ẹ gbin ẹ̀wà díẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ ọgbà gidi, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà, nítorí bakitéríà náà lè máà sí nínú ìyẹn. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ rọra wa á pẹ̀lú gbòǹgbò, má fà á yọ, kí ẹ sì fi omi ṣan án. Ọmọ yóò rí àwọn kókó náà. Bí ó bá fi èékánná la ọ̀kan, tí inú rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ewéko mìíràn tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó rí ìyàtọ̀. A lè fi èyí ṣe kíláàsì ọjọ́ Sátidé kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ede Yorùbá tí wọn yóò gbọ́ níbẹ̀, gbòǹgbò, ewé, kókó, yẹ̀pẹ̀, yóò wọ̀ wọ́n létí ju èyí tí wọ́n kọ sára pátákó lọ.

Àgbẹ̀ tí kò lè wá sí Tuskegee ńkọ́? Ní 1906 wọ́n kọ́ ọkọ̀ ẹrù kan tí ẹran ń fà. Carver ló ya bí yóò ṣe rí, olówó ará New York kan, Morris K. Jesup, ló san owó rẹ̀. Wọ́n kó ohun ìtúlẹ̀, irúgbìn àti ohun èlò wàrà sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé ní oṣù May ọdún náà. Thomas Campbell, ọmọ Tuskegee, ló ń darí rẹ̀. Wọn kì í dúró sọ̀rọ̀ lásán. Inú oko àgbẹ̀ ni wọ́n ti ń túlẹ̀ níṣojú rẹ̀, tọkọtaya àti ọmọ a máa wò.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, ọkùnrin mẹ́rin láti Tuskegee gúnlẹ̀ sí Tógò, tí àwọn ará Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà, láti lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní òwú gbígbìn. Carver kò bá wọn lọ. Òwú kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ Tógò. Wọ́n ń gbìn ín pọ̀ mọ́ oúnjẹ lórí ilẹ̀ kan náà. Ohun tí ìjọba amúnisìn ń fẹ́ ni òwú púpọ̀ fún ilé iṣẹ́ aṣọ nílẹ̀ Jámánì, wọ́n sì fi ipá kún un. Ó ṣe wá ní kàyéfì pé láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí wọ́n ti ń sọ fún àgbẹ̀ Alabama pé òwú nìkan yóò pa ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti lọ.

A kò ní pe Carver ní ẹni tí kò ní àléébù. Kò mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe. Wọ́n ní kí ó máa bójú tó ọgbà adìyẹ ilé ẹ̀kọ́ náà, adìyẹ ń kú, àkọsílẹ̀ kò péye, Washington sì ń kọ̀wé bá a wí. Ó kọ̀wé pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí Washington kú ní 1915, ó bà á nínú jẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìjà wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tẹ ìwé ẹ̀pà rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ọ̀nà 105 tí a lè gbà sè é fún jíjẹ. Kòkòrò òwú ti wọ Alabama nígbà náà, ó ń jẹ oko run, etí àwọn àgbẹ̀ sì wá ṣí. Ní January 1921 àwọn oníṣòwò ẹ̀pà rán an lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington lórí owó ibodè. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fún un. Àwọn kan kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń yọ àpẹẹrẹ jáde nínú àpótí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni wà níwájú ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń fi àkókò kún un, títí alága fi ní kí ó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Ọjọ́ náà ló sọ ọ́ di olókìkí. Láti ìgbà náà ni ìwé ìròyìn ti ń ka iye ohun tó fi ẹ̀pà ṣe, tí wọ́n ní ó lé ní 300. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé àṣẹ mẹ́ta péré ni ó gbà láyé rẹ̀, pé kò kọ bí ó ṣe ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, àti pé díẹ̀ ló dé ọjà. Kò dín in kù lójú wa. Owó kò ká a lára. Kò gbéyàwó, kóòtù kan náà ló ń wọ̀, ní 1940 ó sì kó owó tó ti fi pamọ́ jálẹ̀ ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí ní Tuskegee.

Ó kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù January 1943. Ẹ̀gbẹ́ Booker T. Washington ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù July ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ilẹ̀ Moses Carver ní Diamond di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n fi bọlá fún aláwọ̀ dúdú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan yí igbó àti odò kékeré ibẹ̀ ká, bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì ń já àwọn ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní, tí wọ́n ń wọ inú igbó tí Carver ti dá ọgbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣí ewé gbígbẹ láti wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.